Ọ̀pọ̀lọ́ Oníwo Tí Mo Ní Kò Jí

Àpótí kékeré kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà, ní ilé wa ní Àkúrẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní àpótí ìròyìn. Igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìdí àwọn tó ti jókòó lé e sì ti fá a títí ó fi ń dán bí ẹ̀yìn ìgò. Ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé tó bá rin ìrìn-àjò, ìbáà jẹ́ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí kò jìnnà, ìbáà jẹ́ Èkó, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ àfi bó bá kọ́kọ́ jókòó lórí àpótí náà tó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bó bá sọ ọ́ tán, ilé yóò dá sí i. Àwa ọmọdé la ó kọ́kọ́ sọ èrò tiwa, àwọn ìyàwó ilé yóò tẹ̀ lé wa, lẹ́yìn náà ni yóò kan àwọn ọkùnrin. Bàbá Àgbà ló ń sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn, torí pé bó bá ti sọ ọ́, kò sí ẹni tó tún lè la ẹnu. Ẹni tí ìròyìn rẹ̀ bá wọ̀ ọ́ lára ni yóò bu òkèlè àkọ́kọ́ fún láti inú àwo tirẹ̀. Mo ti dúró síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rí láti gbèjà ìwé tí mo fi ọdún márùn-ún kọ. Ẹ̀rù wọn kò bà mí tó ẹ̀rù àpótí yẹn.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ogun ń jà ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa. Ogun náà kò dé Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ebi rẹ̀ dé. Iyọ̀ wọ́n débi pé Ìyá Káyọ̀dé, ìyàwó àkọ́kọ́ Bàbá Àgbà, ń di tirẹ̀ mọ́ etí ìró, tó ń tú u bí ẹni ń tú oògùn. Kòkó tí a bá fọ́, tí a sá, tí a fi ẹsẹ̀ yí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kò mú ohun gidi wọlé mọ́. Iṣu kò kárí, nítorí náà a ń gún kókò mọ́ iyán. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ odó, mo lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìdé ibẹ̀. Iṣu nìkan máa ń dún kì, kì, kì, ó máa ń dá ṣáṣá. Bí kókò bá ti wọ̀ ọ́, ìró náà á di pọ̀, pọ̀, bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ní gbogbo ọdún yẹn, pọ̀, pọ̀ ni ìrọ̀lẹ́ wa ń dún. Bàbá Àgbà á máa gbọ́ rẹ́díò lábẹ́ ìró odó náà, etí rẹ̀ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara rẹ́díò, torí pé Bùrọ̀dá Fẹ́mi, àkọ́bí tí Ìyá Káyọ̀dé bí fún un, wà lójú ogun, a kò sì rí lẹ́tà rẹ̀ láti ìgbà tí a ti gbin àgbàdo títí tí a fi kórè rẹ̀.

Èmi ni mo ń gbá yàrá Bùrọ̀dá Fẹ́mi. Ìyá Káyọ̀dé ló yan iṣẹ́ náà fún mi. Láràárọ̀, kí n tó lọ pọn omi ní odò Àlà, mo gbọ́dọ̀ ṣí yàrá náà, kí n gbá a, kí n gbọn ẹní, kí n sì tún un tẹ́. Kò sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Bí mo bá fi ibì kan sílẹ̀, á pè mí padà: "Adékẹ́! Ṣé bí o ṣe fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá a nìyẹn?" Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ohun tí mo rí kò ju eruku lọ, pé ó ń balẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, wọ́n sì ń fi ìyà rẹ̀ jẹ mí. Bàbá mi, àbúrò Bàbá Àgbà, ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ìyá mi ṣì wà nínú agbo ilé náà, ọmọ Oǹdó láàárín àwọn ará Àkúrẹ́. "Ìyàwó Oǹdó" ni wọ́n ń pè é, bó bá sì fi èdè ìlú rẹ̀ béèrè nǹkan ní ìdí àdògán, àwọn ìyàwó ilé á sín in jẹ títí yóò fi dákẹ́. Ó ti kọ́ láti dákẹ́ kó tó kọ́ èdè wọn. Bí a bá pè é kó sọ èrò tirẹ̀ lórí ìròyìn, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé, "Bí ilé ṣe wí ni." Inú máa ń bí mi.

Káyọ̀dé fi oṣù mẹ́rin jù mí lọ. Kíláàsì kan náà ni a wà, ibùjókòó kan náà. Ìyá mi, láti bọ̀wọ̀ fún ìyálé ilé, kì í pe orúkọ rẹ̀, "Akọ̀wé mi" ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń ṣe ìṣirò fún akọ̀wé náà. Àwa méjèèjì jókòó ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà lọ́dún yẹn, àwa méjèèjì sì yege. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé àwọn ọmọ Káyọ̀dé yóò ka ìwé yìí. Ẹ kà á dáadáa: èmi ni mo ṣáájú. Ní ọjọ́ tí èsì dé, Bàbá Àgbà pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo àwa méjèèjì títí, ó ní, "Ọmọ méjì tó mọ̀wé nínú ulé kan, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni apá mi ká lọ́dún yìí. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n wò ó." Ó ń wò ó fún odindi oṣù kan. Bí mo bá gbá yàrá, mo máa ń rò pé ó ń wò mí. Bí mo bá yí kòkó, mo máa ń yí i bí ẹni tí wọ́n ń wò.

Nínú oṣù yẹn ni Bàbá Àgbà rán àwa méjèèjì lọ sí Oǹdó láti gbé agbádá rẹ̀ lọ fún àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ télọ̀. Kò sí ẹni tó ń rán aṣọ tuntun lọ́dún náà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ti ṣá, télọ̀ ni yóò tú u, tí yóò yí inú rẹ̀ síta, tí yóò sì tún un rán. Bùrọ̀dá Télọ̀ fẹ́ràn mi. Láti kékeré ni mo ti ń lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi síìpù sí ẹ̀yìn gáùn tí kò fi ní ṣẹ́ po níbi ìbàdí. A wọ bọ́lẹ̀kájà láti Àkúrẹ́, àwọn sójà dá wa dúró ní Ọ̀wẹ̀nà, wọ́n tú ẹrù àwọn obìnrin, wọ́n wo inú agbádá Bàbá Àgbà bóyá a fi ìbọn pa mọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a dé Oǹdó, Bùrọ̀dá Télọ̀ ní iṣẹ́ náà yóò gba ọjọ́ méjì, àti pé onísinimá kan ti dé láti Ìbàdàn. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a kàn jókòó," ó ní. "Ìlú ti le tó. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tó tún le jù ú lọ."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣe é, nínú gbọ̀ngán kan tí wọ́n fi àpò kòkó bo gbogbo fèrèsé rẹ̀. Oòrùn ń gba ojú ihò àpò wọlé, ó ń tò sára aṣọ funfun tó wà níwájú bí ìràwọ̀, òórùn kòkó sì kún ibẹ̀ débi pé n kò lè jẹ ṣokoléètì lónìí kí n má rántí ẹranko. Àwọn ará Jàpáàn ló ṣe fíìmù náà, ó sì ti gbó nígbà náà pàápàá, òjò funfun ń rọ̀ lójú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Wọ́n ti fi ohùn òyìnbó bo ohùn wọn. Ọkùnrin kan á la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni yóò jáde. Òmíràn á ti pa ẹnu dé, ohùn rẹ̀ á ṣì máa bọ̀. Ìyá ẹlẹ́pà tó jókòó lẹ́yìn wa ní, "Ẹ ò rí i bí? Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, ó ń pẹ́ kó tó délẹ̀." Ìtàn náà kò ṣòro. Wọ́n da ìdọ̀tí kan sínú òkun, ọ̀pọ̀lọ́ kan mu ún, ó tóbi títí ó fi ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ó hu ìwo méjì bí àgbò, ó dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó sì gòkè wá sí ìlú. Èéfín ń ti imú rẹ̀ jáde. Nígbà tó tẹ ilé àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, gbọ̀ngán hó.

"Ṣé ìlú wọn kò lọ́dẹ ni?"

"Ọdẹ wo ni yóò pa èyí? Ìwọ náà lọ pa á!"

"Ẹ pe àwọn àgbà ìlú kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ohun tó ti inú omi wá, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́."

"Bẹ̀ ẹ́ kẹ̀! Ó ti jókòó lé orí àwọn àgbà ìlú."

Èmi náà pariwo pẹ̀lú wọn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọkọ̀ ojú irin bí ẹni mú ìdin, mo rí ìlà kan tó gùn láti ọrùn rẹ̀ dé ìdí. Mo mọ ìlà yẹn. Síìpù ni. Ẹni tó fi sí i kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́, torí pé ó ṣẹ́ po níbi ìbàdí. Láti ìgbà náà ni ojú mi ti là. Mo rí i pé ilé tó ń tẹ̀ kò ju páálí lọ, pé odò tó ń là kọjá kò tó omi ìwẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ohun kejì wá ṣẹlẹ̀. Inú róòlù mẹ́rin ni wọ́n ká fíìmù náà sí. Nígbà tí èkejì parí, onísinimá, tí òógùn ti bò lójú, fọwọ́ tá nínú òkùnkùn, ó gbé róòlù kan sórí ẹ̀rọ. Nínú èyí, wọ́n fi wáyà iná mú ọ̀pọ̀lọ́ náà ní etí òkun, ó jó, ó ké, ó ṣubú sínú omi, omi sì bò ó. Àwọn sójà ṣí fìlà. Bàbá arúgbó kan tó mọ ìwé púpọ̀, tí wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, sọ̀rọ̀ pẹ̀lú omijé. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì hàn gàdàgbà lójú aṣọ pé ó ti parí. Àwọn kan ti ń wá bàtà wọn nígbà tí onísinimá gbé róòlù kan tó kù sórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀lọ́ tún dé! Ó ń rìn, ara rẹ̀ le, kò jó níbì kankan. Ó tẹ ọjà, ó tẹ afárá, ó kọjú sí òkè kan, ó ń lọ, iná sì tàn nínú gbọ̀ngán. Ẹ ó rí ìdùnnú lọ́jọ́ yẹn! Ìyá ẹlẹ́pà ń jó. Ọkùnrin kan ń kígbe pé ohun tí Ọlọ́run kò bá tíì pa, wáyà iná kò lè pa á.

Ṣùgbọ́n mo ti rí bàbá onímọ̀ náà nínú róòlù tó gbẹ̀yìn yìí. Kò sí báńdéèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Inú róòlù yìí gan-an ni àwókù afárá ti wó lù ú, tí ọwọ́ náà fi kán. Onísinimá ti fi ìkẹrin ṣáájú ìkẹta, ìkẹrin sì ni òpin rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Káyọ̀dé bí a ṣe ń padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Adékẹ́, ebi ń pa mí." Mo rò pé kò yé e ni. Fún ọdún tó ń lọ sí ọgọ́ta, mo rò pé kò yé e ni.

Ìrọ̀lẹ́ tí a padà dé Àkúrẹ́, odó ń dún pọ̀, pọ̀, gbogbo ilé sì péjọ torí pé Bàbá Àgbà ti gbọ́ pé a wo sinimá. Ó wọ agbádá tí wọ́n yí náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lápá òsì àti ọ̀tún, ó ní ó dára. Ó wá wò wá. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ rí i," ó ní. "Lọ́kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó sọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ohun tí ẹ rí." Ó yé mi pé ìdánwò kejì nìyẹn, àti pé ó fẹ́ wò ó tán. Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ jókòó. Ó jókòó ni mo wí, kò pẹ́ lórí àpótí. Ó dìde, ó ṣe bí ọ̀pọ̀lọ́, ó fi ìka ṣe ìwo, ó ṣe ohùn òyìnbó tó ń dé lẹ́yìn ẹnu, títí tí Bàbá Àgbà fi ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu omijé ẹ̀rín. "Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń kẹ́yìn ẹnu," Bàbá Àgbà ní, "ẹ má bá a dá òwò pọ̀ láé." Nígbà tó dé ibi ikú ọ̀pọ̀lọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni Káyọ̀dé kọjú sí.

"Wọ́n pa á. Omi bò ó. Àwọn sójà ṣí fìlà fún un. Gbogbo ayé ní ó ti tán."

"Àánú ṣe mí," Ìyá Káyọ̀dé ní. "Ẹranko náà ní ìyá."

"Ìyá mi, ó jí."

Ṣíbí dúró nínú ọbẹ̀. "Kí lo wí?"

"Ó jí. Mo fojú ara mi rí i. Kò sí àpá lára rẹ̀. Wọ́n ti sọ̀rètí nù, ṣùgbọ́n ó ti inú omi yẹn jáde, ó ń rìn lọ sílé."

Kò sí ẹni tó gún iyán mọ́. Ìyá Káyọ̀dé fi etí ìró nu ojú, ìdì iyọ̀ rẹ̀ tú, iyọ̀ dà sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Èmi ni mo ń wo iyọ̀ náà. Bí Bàbá Àgbà ṣe ní kí n bọ́ síwájú nìyẹn. Mo jókòó ṣinṣin, mo fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé, mo sì sọ òtítọ́. Mo ní ènìyàn ló wà nínú ọ̀pọ̀lọ́ náà, síìpù wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò sì rán an dáadáa. Mo ní páálí ni ilé. Mo ṣàlàyé róòlù mẹ́rin, mo ṣàlàyé báńdéèjì, mo fi òkúta mẹ́rin tò ó sílẹ̀ kí ó lè hàn. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òótọ́. Mo parí rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ìgbéraga: "Nítorí náà, Káyọ̀dé ṣì í sọ. Ó kú. Kò jí. Ohun tó bá ti kú kì í jí."

Ìgbátí náà dé kí n tó rí ọwọ́. "Ẹlẹ́nu ikú!" Ìyá Káyọ̀dé kígbe. "Ta ló bi ọ́? Ta ló ní kí o sọ ọ́ nínú ilé yìí?" Àwọn ìyàwó ilé dì í mú. Bàbá Àgbà gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí ilé dá sí i bí ó ṣe yẹ. Àwọn ọmọdé ní ti Káyọ̀dé ló dùn. Àwọn ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kan ìyá mi. Mo wò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń gbóná, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kó má wí pé bí ilé ṣe wí ni. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, ooru á mú onítọ̀hún o." Ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Oǹdó!" wọ́n ní. "Wọ́n ń sọ ti òkú àti alààyè, ó ń sọ ti ooru!" N kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà kò gùn. "Ọmọ tó rí síìpù lẹ́yìn ẹranko, ojú rẹ̀ mú," ó ní. "Ṣùgbọ́n ojú nìkan kọ́ la fi ń gbé ulé. Káyọ̀dé ni yóò lọ." Ó bu òkèlè, ó sì na ọwọ́ sí Káyọ̀dé. Káyọ̀dé gbà á, ó gbé e mì láìwò mí.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Kòjí. Àwọn ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. "Kòjí, pọn omi. Kòjí, gbá yàrá." Ogun parí, wọ́n gbé àpótí aṣọ Bùrọ̀dá Fẹ́mi wá fún wa láìsí òun fúnra rẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé sì wò mí láti ojú ọ̀nà dé ìdí àdògán bí ẹni pé èmi ni mo yìnbọn. Títí ó fi kú, kò dáhùn ìkíni mi. Ìyá mi kó mi lọ sí Oǹdó. Ìdí ẹ̀rọ Bùrọ̀dá Télọ̀ ni mo jókòó sí, mo ń rán síìpù lọ́sàn-án, mo ń kàwé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, títí mo fi di tíṣà, tí mo fi wọ yunifásítì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń rán ọmọ lọ síbẹ̀. Mo padà sí Àkúrẹ́, mo kọ́ àwọn ọmọ tó ti ìlú gbogbo wá. Káyọ̀dé di ọ̀gá ńlá nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó mọ bí a ṣe ń sọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́, ohun tí mo máa ń wí nípa rẹ̀ nìyẹn níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. Mo sì ń wí i ketekete.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, Tómi, ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo ní kí ló dé. Ó ní fíìmù àtijọ́ kan ni, tí kò dára débi pé ó dùn. Mo wò ó, mo rí ìwo méjì. Mo ní kó bá mi ka ohun tí àwọn tó wò ó kọ sí ìsàlẹ̀, torí pé ojú mi kò ríran kékeré mọ́. Àwọn èèyàn láti gbogbo ayé ló kọ ọ́, bí ẹni jókòó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká. Ẹnì kan ní síìpù náà ni òṣèré tó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn. Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́. Òmíràn ní òun àti bàbá òun tó ti kú ló jọ máa ń wò ó, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá sì ti fẹ́ ṣubú, òun máa ń dá fíìmù náà dúró níbẹ̀, òun kì í wò ó dópin. Tómi wá ka èyí tó gbẹ̀yìn: "Mo ń rò nípa ẹni tó wà nínú aṣọ yẹn. Ooru rẹ̀ á pọ̀. Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń fún un lómi?" Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá mi lò nínú agbo ilé yẹn, pẹ̀lú èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ó sọ èrò ara rẹ̀, mo sì bínú sí i.

Ìyẹn kò ní kí n má lọ gba ẹ̀san mi. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí Tómi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ilé Káyọ̀dé lójú ọ̀nà Oda. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó dé lẹ́yìn ẹnu rẹ̀.

"Kòjí," ó ní. Òun nìkan ló kù tó mọ orúkọ náà.

"Mo mú nǹkan wá kí o wò," mo ní. Mo gbé fóònù sí i níwájú. A wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ kó tò, róòlù kìíní, ìkejì, ìkẹta. Afárá wó, ọwọ́ bàbá onímọ̀ kán, wọ́n di báńdéèjì. Mo ń fi ìka tọ́ka sí gbogbo rẹ̀. Wáyà iná mú ọ̀pọ̀lọ́, omi bò ó, ọ̀rọ̀ méjì náà hàn gàdàgbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú fóònù ṣókùnkùn.

"O rí i?" mo ní. "Kò jí."

"Mo mọ̀."

"Òní lo mọ̀."

Ó mi orí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. "Adékẹ́, àwa méjèèjì la jọ kàwé. Mo rí 'ó ti parí' yẹn bí o ṣe rí i. Mo rí báńdéèjì. Mo rí síìpù rẹ pàápàá. Ìwọ ni o ń gbá yàrá Bùrọ̀dá. Èmi ni mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, tí mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ fún Ọlọ́run. Kì í ṣe torí ilé-ìwé ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni mo ń sọ ọ́ fún."

Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni mo fi pè é ní òmùgọ̀ nínú ọkàn mi, orí òmùgọ̀ yẹn ni mo sì kọ́ gbogbo ìbínú mi lé. N kò sọ pé mo ti dárí ji ilé náà. Àyè tèmi ni wọ́n fún un, ìgbátí náà sì dùn mí di òní. Ṣùgbọ́n mo rí iyọ̀ tó dà sílẹ̀, tí ìyá rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ mú.

"Ṣé ó ṣeé yí padà?" Káyọ̀dé ní. Ó fi ìka tó ṣì le tọ́ka sí fóònù. "Kó rí bí a ṣe wò ó ní Oǹdó."

Tómi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo ní kó fi sílẹ̀, pé mo mọ̀ ọ́n. Mo fi ìka fa fíìmù náà padà, mo fò kọjá wáyà iná, mo fò kọjá omi, mo wá afárá títí mo fi rí i pé ó dúró láìwó. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ náà jáde, ara rẹ̀ le, ìwo rẹ̀ méjèèjì pé, síìpù rẹ̀ ṣẹ́ po níbi ìbàdí, ó sì kọjú sí òkè, ó ń rìn lọ sílé.